Gìgísẹ̀ tó ń dunni láràárọ̀: ẹ má tíì gba abẹ́rẹ́ kẹta

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Onídìrí ni mí ní Òṣogbo, ẹni ọdún 47. Ó ti tó oṣù 14 tí gìgísẹ̀ òsì ti ń dùn mí. Bí mo bá sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, bí ẹni tẹ ìṣó ló máa ń rí. Bí mo bá rìn díẹ̀ á rọlẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ mo ti ń tiro. Wọ́n ya X-ray, wọ́n ní eegun ti hù nínú gìgísẹ̀ mi. Wọ́n ti gún mi lábẹ́rẹ́ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Èkíní gbà mí fún nǹkan bí oṣù méjì, èkejì kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ní kí n wá gba ẹ̀kẹta, ẹlòmíràn ní iṣẹ́ abẹ nìkan ló lè yọ eegun náà. Ẹ̀gbọ́n mi ní mo tẹ nǹkan ni. Ṣé kí n gba abẹ́rẹ́ yẹn, àbí kí n kúkú fi iṣẹ́ sílẹ̀?"

Ẹ kú ìrora o, màdáámú. Kí ènìyàn máa bẹ̀rù àtisọ̀kalẹ̀ lórí ibùsùn ara rẹ̀, nǹkan kékeré kọ́. Ẹ bèèrè ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́, ẹ sì bèèrè ọ̀rọ̀ iṣẹ́, àmọ́ ẹ̀rù eegun tí wọ́n ní ó hù yẹn ló wà nídìí méjèèjì, nítorí náà ibẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Kí n sì tètè sọ ibi tí mo dúró sí: ẹ má tíì gba abẹ́rẹ́ kẹta, ẹ má sì fi iṣẹ́ yín sílẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ pé wọ́n ti ṣe fún yín, kò sí ọ̀kan tó fún ẹsẹ̀ yín lókun. Ohun tó ń fẹ́ gan-an nìyẹn, kò sì tíì rí i gbà.

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ń gbé irú eegun bẹ́ẹ̀ kiri tí gìgísẹ̀ kò dùn wọ́n rí. Ọ̀rọ̀ mìíràn ló gbé wọn dé ìdí X-ray tí wọ́n fi mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn sì wà tí gìgísẹ̀ ń dà láàmú tọ̀sán-tòru, tí X-ray wọn kò fi eegun kankan hàn. Eegun náà kì í gún ẹran bí abẹ́rẹ́. Ó rọra hù ni, níbi tí iṣan ti ń fa eegun láti ọdún pípẹ́, bí àtẹ́lẹwọ́ àgbẹ̀ ṣe ń le níbi tí ẹ̀rú ọkọ́ ti ń fi kàn án. Ẹ wo ti ara yín náà: oṣù méjì tí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ fi tù yín lára, ṣé eegun náà kúrò ni? Ó wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní títí dé ọjọ́ tó kẹ́yìn, síbẹ̀ ẹ ń rìn. Òun kọ́ ló ń dùn yín, mo sì fẹ́ kí ẹ̀rù rẹ̀ kúrò lọ́kàn yín, torí ẹni tó bá gbà pé ìṣó wà nínú ẹsẹ̀ òun kò ní lè gbé ìwúwo lé ẹsẹ̀ náà, ìwúwo yẹn sì ni ìwòsàn rẹ̀.

Lábẹ́ awọ àtẹ́lẹsẹ̀, iṣan fífẹ̀ kan wà, ó funfun, ó sì yi bí bẹ́líìtì aláwọ. Abẹ́ eegun gìgísẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì nà dé ìdí àwọn ọmọ ìka. Plantar fascia ni àwọn dókítà ń pè é. Iṣan àtẹ́lẹsẹ̀ ni n ó máa pè é. Ẹ lè fi ọwọ́ ara yín mọ̀ ọ́n. Ẹ jókòó, ẹ gbé ẹsẹ̀ òsì lé orúnkún ọ̀tún, ẹ fi ọwọ́ kan fa àtàǹpàkò ẹsẹ̀ náà sẹ́yìn síhà ojúgun, kí ẹ fi ọwọ́ kejì wọ́ àárín àtẹ́lẹsẹ̀ láti ibi ìka lọ sí gìgísẹ̀. Ohun tí ẹ ó kàn tó le bí awọ ọ̀sán ìlù tí wọ́n fún, òun nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́ àtàǹpàkò náà, á tún dẹ̀. Gbogbo ìgbà tí gìgísẹ̀ yín bá kúrò nílẹ̀ nígbà tí ẹ ń rìn, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń le kó lè gbé ara yín lọ síwájú. Ẹ wá tẹ ibi tó ti so mọ́ eegun, níwájú gìgísẹ̀, ní ìhà inú tó kọjú sí ẹsẹ̀ kejì. Bí ẹ bá rí ojú kan tí kò fẹ̀ ju owó ẹyọ lọ, tó jẹ́ pé bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ lẹ ta kìjí, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Iṣan yìí kò já, kòkòrò kò sì wọ inú rẹ̀. Ó gbó ni. Iṣẹ́ tó ń ṣe lójúmọ́ ju èyí tó lè fi òru tún ara rẹ̀ ṣe lọ, àwọn fọ́nrán inú rẹ̀ wá ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, ojú ibẹ̀ sì ń nípọn. Dídúró lórí táìsì tàbí sìmẹ́ńtì láti àárọ̀ dalẹ́ máa ń fà á, bẹ́ẹ̀ ni sílípáàsì pẹlẹbẹ, ara tó ń wúwo sí i, àti ẹran ẹ̀yìn ojúgun tó ti le débi pé ọrùn ẹsẹ̀ kò tẹ̀ dáadáa mọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó máa ń bà á jẹ́ jù ni iṣẹ́ tó bá pọ̀ lójijì. Onídìrí tó ń dúró fún wákàtí 8 lójúmọ́ nínú oṣù Kẹwàá, tó wá ń dúró fún 14 lọ́sẹ̀ Kérésìmesì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò rí àyè kó mọ́ ọn lára. Ti òwúrọ̀ náà kò ṣòro láti yé wa. Bí a bá sùn, iwájú ẹsẹ̀ wa máa ń tẹ̀ sísàlẹ̀, iṣan náà á súnkì, á wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 6 tàbí 7. Ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ á wá fà á yọ lójijì pẹ̀lú gbogbo ìwúwo ara. Bí ẹ bá jókòó pẹ́ nínú mọ́tò tí ẹ wá sọ̀kalẹ̀, ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀.

Ìfẹ́ ló mú ẹ̀gbọ́n yín sọ pé ẹ tẹ nǹkan, mi ò sì ní bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ohun tó le láàárọ̀, tó rọlẹ̀ lẹ́yìn ogún ìṣísẹ̀, tó padà lẹ́yìn ìjókòó, tó tún le nírọ̀lẹ́, ìwà iṣan tó gbó ni. Ibi tí àyà mi ti ń já nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni gbẹ́rẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sín gbẹ́rẹ́ sí gìgísẹ̀ yín. Awọ ibẹ̀ nípọn, egbò ibẹ̀ kì í tètè jinná, ẹni tó bá sì ní ìtọ̀ ṣúgà láìmọ̀ lè ti ibẹ̀ bá a dé ibi tí wọn ó ti gé ẹsẹ̀. Ẹ ó tún gbọ́ pé làkúrègbé ni, tàbí uric acid. Uric acid tó bá dà sí ẹsẹ̀ sábà máa ń mú oríkèé àtàǹpàkò ẹsẹ̀, á wú, á pọ́n, á gbóná, kódà aṣọ ìbora kò ní ṣeé fi kàn án. Èyí kò jọ tiyín.

Mi ò lè tẹ gìgísẹ̀ yín wò láti inú lẹ́tà, nítorí náà ẹ bá mi yẹ nǹkan díẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ pé àárín gìgísẹ̀ gan-an ló ń dùn, bí ẹni tẹ òkúta, tó sì jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá rìn láìwọ bàtà ló burú jù, ó lè jẹ́ pé ọ̀rá tó ṣe tìmùtìmù fún eegun ibẹ̀ ló ti fẹ́lẹ́. Bó bá ń jó yín bí iná, tàbí tó ń ta yín wọ inú ìka, ó lè jẹ́ iṣan ìmọ̀lára tó gba ẹ̀gbẹ́ kókósẹ̀ kọjá ni nǹkan há mọ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn gìgísẹ̀ níbi tí bàtà ti ń kanni, iṣan mìíràn nìyẹn, ìtọ́jú rẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì fún ẹ̀gbẹ́ gìgísẹ̀ yín pọ̀ láti ọ̀tún àti òsì. Bó bá dùn yín gan-an báyẹn, eegun lè ti sán. Àwọn tó yẹ kó lọ rí dókítà láìdúró ni àwọn tí ìrora ń jí lóru nígbà tí wọn kò tilẹ̀ gbé ìwúwo lé ẹsẹ̀, àwọn tí ibẹ̀ wú tó gbóná tàbí tí ara wọn ń gbóná, àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ SS, àti ọ̀dọ́ tí gìgísẹ̀ méjèèjì ń dùn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń gan fún ohun tó ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ láàárọ̀. Ọmọ ọdún 8 sí 14 tó ń ṣe eré ìje tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ń dùn, ibi tí eegun rẹ̀ ti ń dàgbà ló ń fà á, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń sọ yìí rárá.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ wá kàn. Steroid, oògùn tó ń pa wíwú àti ìrora, ni wọ́n sábà máa ń gún síbẹ̀, kì í sì í ṣe oògùn burúkú. Ẹni tí kò lè tẹlẹ̀ rárá lè gba ẹyọ kan kó fi lè bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá, mi ò sì ní bá dókítà tó bá gún un wí. Ṣùgbọ́n ìrora ló ń pa lẹ́nu mọ́, kò fi kún okun iṣan náà. Bí ó ti ṣe yín ló ṣe ń ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn: ó gbà wọ́n fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀, lẹ́yìn náà ìrora padà. Bí a bá ń gún un léraléra, iṣan náà lè já pátápátá, ọ̀rá abẹ́ gìgísẹ̀ sì lè yọ́. Ọ̀rá yẹn kì í ṣeé dá padà. Ìyẹn ni mo ṣe ń bẹ̀ yín. Ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà gbọ́dọ̀ mọ̀ pẹ̀lú pé ṣúgà ara rẹ̀ lè ga fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tí ẹ máa ṣe bẹ̀rẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó kan ilẹ̀. Lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ gbé ẹsẹ̀ òsì lé orúnkún ọ̀tún bí mo ti wí, ẹ fa gbogbo ọmọ ìka sẹ́yìn títí ẹ ó fi mọ̀ pé àtẹ́lẹsẹ̀ ti le, ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá 10, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìgbà 10. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i kí ilẹ̀ tó ṣú, pàápàá kí ẹ tó dìde lẹ́yìn ìjókòó gígùn. Bàtà yín ni kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ẹsẹ̀ má balẹ̀ sórí táìsì lásán. Ní ọ̀sán, ẹ kọjú sí ògiri, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tì í, ẹsẹ̀ òsì lẹ́yìn, gìgísẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ gírígírí, orúnkún rẹ̀ nà. Ẹ fara sún síwájú títí ẹran ẹ̀yìn ojúgun yóò fi fà, ìṣẹ́jú àáyá 30, lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú orúnkún tó tẹ̀ díẹ̀, torí ẹran méjì ló wà níbẹ̀, nínà orúnkún kì í sì í fa èyí tó wà nísàlẹ̀ dáadáa.

Èyí tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù ni èyí tí àwọn ènìyàn máa ń sá fún, torí ó jọ pé yóò pa ẹsẹ̀ lára. Ẹ fi ẹsẹ̀ òsì nìkan dúró sí etí àtẹ̀gùn, ẹ di ògiri tàbí irin mú. Ẹ ká aṣọ ìnura kékeré bí ẹní, kó ga tó ìka méjì, ẹ fi sábẹ́ àwọn ọmọ ìka nìkan, kí àwọn ìka gbé sókè. Gìgísẹ̀ kò sí lórí nǹkan kan. Ẹ rọra gbé gìgísẹ̀ náà gòkè fún ìṣẹ́jú àáyá 3, ẹ dúró lókè fún 2, ẹ rọra sọ̀kalẹ̀ fún 3. Ìgbà 12 ni ìpele kan. Ẹ sinmi ìṣẹ́jú méjì, ẹ ṣe ìpele mẹ́ta. Ọjọ́ kan ẹ ṣe é, ọjọ́ kejì ẹ fi sílẹ̀, torí ọjọ́ ìsinmi yẹn ni iṣan fi ń tún ara rẹ̀ ṣe. Bí ẹsẹ̀ kan kò bá gbà á, ẹ fi méjèèjì bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa sún ìwúwo sí ti òsì díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbé báàgì ẹ̀yìn kọ́ èjìká, ẹ fi ike omi lítà 1.5 kan tàbí méjì sínú rẹ̀, ẹ wá dín ìgbà náà kù sí 10 ṣùgbọ́n kó di ìpele mẹ́rin. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn, ẹ fi ike kún un, kó di ìgbà 8, ìpele márùn-ún. Ìwúwo tó yẹ ni èyí tó jẹ́ pé ẹ kò ní lè fi kún iye yẹn mọ́. Aṣọ ìnura abẹ́ ìka yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o: òun ló ń mú iṣan àtẹ́lẹsẹ̀ le nígbà tí ẹ bá ń gòkè. Ẹni tó bá yọ ọ́, ẹran ẹ̀yìn ojúgun nìkan ló ń kọ́.

Yóò dùn. Bí ẹ bá fi 0 pe àìní ìrora, kí ẹ fi 10 pe èyí tó burú jù, ẹ lè gbà kó dé 4 tàbí 5 nígbà tí ẹ ń ṣe é, bó bá ti rọlẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Bí òwúrọ̀ ọjọ́ kejì bá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ yọ ike kan kúrò nínú báàgì, kì í ṣe kí ẹ pa eré náà tì. Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́, ìyára: ẹni tó ń fò sókè-sódò kò fún iṣan ní iṣẹ́ kankan. Ìkejì, pípa á tì ní ọ̀sẹ̀ kẹta nítorí pé kò tíì sí ìyàtọ̀. Ìyàtọ̀ kì í sábà hàn kó tó di ọ̀sẹ̀ 6 sí 12.

Nípa iṣẹ́ yín, ìsinmi pátápátá kì í wo iṣan yìí sàn, ó tún máa ń sọ ọ́ di ọ̀lẹ ni. Ibi tí ẹ ń dúró lé ló yẹ kó yí padà. Ẹ ra fóòmù rọ́bà tó le díẹ̀, kó nípọn tó ìka kan, ẹ tẹ́ ẹ yí àga oníbàárà ká; kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí wọ́n ṣẹ́ po lẹ́ẹ̀mejì náà ṣe é lò. Àga gíga onítáyà tí ẹ lè jókòó lé nígbà tí ẹ bá ń di irun ẹ̀yìn orí tọ́ sí owó tí ẹ máa ná sí i, irun wíwẹ́ tó ń gba wákàtí 5 kì í sì í ṣe ohun tó yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìdúró parí. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ máa gbà á lọ́wọ́ yín fún ìṣẹ́jú 10 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Sílípáàsì pẹlẹbẹ, ẹ fi sílẹ̀ fún balùwẹ̀. Bàtà tó yẹ yín ni èyí tí gìgísẹ̀ rẹ̀ fi bíi sẹ̀ǹtímítà 2 ga ju iwájú lọ, tó di ẹ̀yìn ẹsẹ̀ mú, tó sì jẹ́ pé bí ẹ bá fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú kò ní ṣeé lọ́ bí aṣọ tí à ń fún. Ibi ìka nìkan ló yẹ kó ti tẹ̀. Kánfáàsì òkìríkà tó dára lè ní gbogbo èyí, ṣùgbọ́n ẹ dà á délẹ̀ kí ẹ wo sóòlù rẹ̀: bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ti jẹ, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó gbé e wá. Tìmùtìmù tó gbé kòtò àtẹ́lẹsẹ̀ tí wọ́n ń tà ní ọjà ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn bí èyí olówó ńlá tí wọ́n wọn ẹsẹ̀ ṣe. Àwọn ará Ìjọ Mímọ́ láti Ọ̀run Wá tí kì í wọ bàtà pẹ̀lú sùtánà, àti àwọn Mùsùlùmí tó ń kírun lórí ilẹ̀ líle, lè tẹ́ ẹní tó nípọn kí wọ́n tó dúró.

Àwọn ìtọ́jú yòókù, ní ṣókí. Omi dídì nínú ike tí ẹ fi ẹsẹ̀ yí síwá-sẹ́yìn fún ìṣẹ́jú 10 nírọ̀lẹ́ máa ń tù ènìyàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ti pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀ rẹ̀. Òrí àti ọwọ́ tó rọra ń fún un kò burú. Kò kàn fa nǹkan kan jáde ni. Ibuprofen tàbí diclofenac lè ran ènìyàn lọ́wọ́ fún ọjọ́ díẹ̀, àmọ́ ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn kíndìnrín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ dókítà. Àgbo inú ìgò tí wọ́n ń polówó nínú bọ́ọ̀sì pé ó ń wo gbogbo ìrora láàárín ọjọ́ méjì, ẹ ṣọ́ra fún un: oògùn tó bá tètè ṣiṣẹ́ báyẹn lè ní steroid nínú tí wọn kò kọ sára ìgò. Àwọn físíò, ìyẹn àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan àti eegun, máa ń fi tẹ́ẹ̀pù di àtẹ́lẹsẹ̀, ó sì ń ran ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀rọ shock wave, tó ń fi ìró gbá ojú ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta sí márùn-ún, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, wúlò fún èyí tó ti pẹ́ bíi tiyín, bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti ní i tí owó rẹ̀ kò sì pa yín lára. Iṣẹ́ abẹ ni mo fi sẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Apá kan iṣan náà ni wọ́n máa ń gé, kòtò àtẹ́lẹsẹ̀ sì lè wó lẹ́yìn rẹ̀. Yíyọ eegun nìkan kò dá ẹnikẹ́ni lójú. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni ronú kàn án bí kò bá tíì fi oṣù 6 sí 12 ṣe ohun tí mo kọ sókè yìí dáadáa.

Ọ̀rọ̀ ìwúwo ara kì í dùn sọ, ẹ kò sì mẹ́nu kàn án, ṣùgbọ́n n kò ní ṣe òótọ́ bí mo bá fò ó. Kílò mẹ́rin tàbí márùn-ún tó bá kúrò lára jẹ́ ìwúwo tí gìgísẹ̀ kò ní gbé mọ́ ní gbogbo ìṣísẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìrora gìgísẹ̀ yìí ń lọ fún láàárín ọdún kan. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn. Ti àwọn kan máa ń rọlẹ̀ láìlọ tán, á sì tún yọjú bí iṣẹ́ bá pọ̀. Kò ní lọ lọ́nà tó tẹ́jú pẹ̀lú: ọ̀sẹ̀ dáadáa méjì, ọ̀sẹ̀ burúkú kan, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rìn. Ẹ máa kọ nọ́ńbà ìrora ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ajé, láti 0 dé 10. Bí èyí tí ẹ kọ ní ọ̀sẹ̀ 12 kò bá kéré sí ti ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ lọ rí físíò. Ilé ìwòsàn Yunifásítì OAU ní Ilé-Ifẹ̀ ní ẹ̀ka wọn, kò sì jìnnà sí yín. Ẹ kó bàtà tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ dání, èyí tó ti jẹ gan-an, kì í ṣe tuntun, pẹ̀lú fọ́tò X-ray náà, àti ọjọ́ tí ẹ gba abẹ́rẹ́ méjèèjì pẹ̀lú orúkọ oògùn inú rẹ̀ bí ẹ bá lè rí i gbà lọ́wọ́ ẹni tó gún yín.